Ìdí Tí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Ọ́fíìsì Wa Fi Ń Fa Bébà Tí A Kò Ní Kí Ó Fà

 

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ariwo pọ̀ lórí ìwé ìṣírò owó tí a pín fún yín. Àwọn kan gba ìwé tí ìlà tó kẹ́yìn kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlà yẹn gan-an ni àròpọ̀ owó wọn wà. Àwọn mìíràn gba tiwọn lórí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, tí iye owó gun orí ibi tí ó yẹ kí onídùúró kọ orúkọ sí. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ń ta ọsàn tilẹ̀ béèrè lójú gbogbo èèyàn pé ṣé wọ́n ti jẹ owó òun ni. Ìbéèrè náà kò burú. Ẹni tí ó ń dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí a wá fún ní ìwé tí kò ní àròpọ̀, kí ni ẹ fẹ́ kí ó rò? Owó gbogbo yín pé nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, alága àti akápò sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ọ̀ràn wà, a sì fẹ́ tú u palẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ táípù àti fótókọ́pì, ohun kan náà sì ń bá wọn fínra.

Ẹ̀rọ tí ó wà ní ọ́fíìsì kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Mẹ́ta ni ó ń sìn: ti akọ̀wé, ti akápò, àti èyí tí ó wà níbi tí a ti ń gba owó lọ́wọ́ yín. Àpótí kékeré tí iná ń tàn lára rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ráútà, ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Ẹ̀rọ náà ní tíréè méjì, ìyẹn dúrọ́ọ̀ tí a ń fà jáde kó bébà sí. Bébà funfun lásán ni a kó sí ti òkè. Ti ìsàlẹ̀ ni fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wà, èyí tí a ti tẹ orúkọ ẹgbẹ́ àti nọ́ńbà sí lára. Ẹnì kan bi wá pé ṣé ẹ̀rọ kò lójú ni, tí kò fi rí i pé fọ́ọ̀mù ni òun ń fà? Kò lójú o. Kò mọ ohun tí a kọ sára bébà. Ohun méjì péré ni ó mọ̀ nípa tíréè kọ̀ọ̀kan: ìwọ̀n bébà tí wọ́n sọ fún un pé ó wà níbẹ̀, àti irú bébà tí wọ́n sọ fún un pé ó jẹ́. Bí wọ́n bá parọ́ fún un, irọ́ náà ni yóò fi ṣiṣẹ́.

Ta wá ni ó ń bá a sọ̀rọ̀? Dráífà ni. Ẹ má rò ó sí dírẹ́bà ọkọ̀ o. Ògbufọ̀ ni ẹ jẹ́ kí a pè é. Àwọn àgbà wa rántí bí ó ti máa ń rí ní kóòtù láyé òyìnbó: adájọ́ kò gbọ́ Yorùbá, àgbẹ̀ tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni ó dúró láàárín. Bí àgbẹ̀ bá ka ohun mẹ́wàá tí ògbufọ̀ kò mọ̀ ju mẹ́fà lọ, mẹ́fà náà ni adájọ́ yóò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni dráífà ṣe wà láàárín kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ máa ń ṣe ògbufọ̀ tirẹ̀, tí ó mọ gbogbo tíréè, gbogbo irú bébà. Ṣùgbọ́n Windows náà ní ògbufọ̀ gbogboogbò kan tí ó lè fi sí i fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ so ẹ̀rọ pọ̀. Ìyẹn lè tẹ̀wé dáadáa, àmọ́ nígbà mìíràn kò mọ̀ pé tíréè kejì wà láyé. Nígbà tí ẹni tí ó wá to kọ̀ǹpútà wa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, méjì nínú mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ògbufọ̀ gbogboogbò yìí. Ti akápò nìkan ni ó ní ògbufọ̀ gidi. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí ó bá ti ọ̀dọ̀ akápò jáde fi máa ń pé, tí ti àwọn tó kù fi ń ṣe ségesège.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ ìlà tí ó sọnù. Bébà A4 ni a ń lò ní Nàìjíríà: ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 210, gígùn rẹ̀ 297. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní Letter: ìbú 216, gígùn 279. Ẹ yọ ọ́ wò. Letter fi mìlímítà 6 fẹ̀ ju A4 lọ, ṣùgbọ́n ó fi mìlímítà 18 kúrú sí i. Mìlímítà 18 yìí, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú àtàǹpàkò, ibẹ̀ ni àròpọ̀ owó yín wà! Bí a bá ṣí kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n ti yàn án sí Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà, Letter ni yóò gbà pé a ń lò títí a ó fi sọ fún un pé A4 ni. A ṣe ìwé ìṣírò owó sí gígùn A4, ògbufọ̀ ní Letter ni, ó sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ kì í gé e. Yóò kàn dúró gbagidi, yóò máa kọ ọ́ sójú pé kí a wá kó Letter sí i, tí bébà sì kún tíréè. Àìmọye bébà ni àwọn èèyàn ti fà yọ tí wọ́n tún tì padà nítorí ìyẹn, tí wọ́n sì rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

A4 yìí pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Jámánì ni ó ti wá, ní ọdún 1922, láti ọwọ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Walter Porstmann. Ọdún 1975 ni àjọ tí ó ń rí sí òṣùwọ̀n lágbàáyé sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Ṣáájú rẹ̀, fúlúsíkáàpù ni a mọ̀ níhìn-ín, tí ó gùn tó ínǹṣì 13. Ọgbọ́n inú A4 ni pé bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí méjì, ìrísí kan náà ni yóò ní, kìkì pé ó kéré sí i; A5 nìyẹn, òun ni a fi ń ṣe rìsíìtì yín.

Ti fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ni ó dùn wá jù. Funfun lásán jẹ́ A4, fọ́ọ̀mù náà jẹ́ A4. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ wò ó bí ẹni tí ó ní àpò ìrẹsì méjì nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan olówó pọ́ọ́kú, ọ̀kan olówó gọbọi, tí ó rán ọmọ pé kí ó bu ìrẹsì wá. Ọmọ bu ti àkọ́kọ́ títí ó fi tán, ó wá ki ọwọ́ bọ èkejì. Ṣé a ó na ọmọ ni? Iṣẹ́ tí a rán an ni ó jẹ́. Nígbà tí a ń tẹ ìwé ìṣírò owó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bébà funfun tán láàárín iṣẹ́. Ẹ̀rọ kò dúró, kò pariwo. Ó bọ́ sí tíréè ìsàlẹ̀, ó sì fa fọ́ọ̀mù mọ́kàndínlógún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Fọ́ọ̀mù tí ó ní nọ́ńbà kì í ṣe ohun tí a ń sọ nù bẹ́ẹ̀, nítorí ọ́dítọ̀ yóò béèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. A fa ìlà sí wọn lójú, a kọ ọ́ sí wọn lára pé wọ́n ti bàjẹ́, alága fọwọ́ sí i, wọ́n sì wà nínú fáìlì. Ẹ̀yin tí ẹ gba tiyín lórí fọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá a padà, kí iye rẹ̀ lè pé.

Ohun tí a ṣe sí i nìyí. Lójú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, a yan tíréè òkè sí A4, irú rẹ̀ "Plain". A yan ti ìsàlẹ̀ sí A4, irú rẹ̀ "Letterhead". Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ti yàtọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún pe ọ̀kan ní èkejì. A tún pa àṣẹ tí ó ń jẹ́ kí ó fò láti tíréè kan sí òmíràn bí bébà bá tán. Ní báyìí, yóò dúró kí a wá fún un ní bébà. Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá yọ ògbufọ̀ gbogboogbò kúrò lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, a fi ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ sí i. Ẹ má gbàgbé apá tí wọ́n ń pè ní "Device Settings" o: bí tíréè kejì kò bá sí nínú ohun tí ògbufọ̀ gbà pé ó wà lára ẹ̀rọ, ẹ kò ní rí i yàn láéláé.

Ibì kan wà tí ó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Bí ẹ bá yí nǹkan padà ní "Printing Preferences", ti ẹni tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà nìkan ni ẹ yí. Ẹlòmíràn tí ó bá wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ yóò bá ti àtijọ́. "Printing Defaults", lábẹ́ "Advanced", ni ti gbogbo ènìyàn. Ìwé tí a ń tẹ̀ gan-an sì lè ní àṣẹ tirẹ̀ lára. Nínú Word, a lè yan tíréè fún ojú ìwé àkọ́kọ́, kí a yan òmíràn fún èyí tó kù, àṣẹ yẹn a sì máa borí ti dráífà. Nítorí náà, lẹ́tà tí ẹnì kan tẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn tí ó fi ránṣẹ́ sí yín lè gbé Letter tàbí tíréè tirẹ̀ wá láti ilé.

Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má tẹ gbogbo bọ́tìnì. Ẹ kọ́kọ́ ní kí ẹ̀rọ tẹ ìwé ìròyìn ara rẹ̀ jáde láti ojú bọ́tìnì tirẹ̀, láìlọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ìwé yẹn yóò sọ tíréè tí ó mọ̀, ìwọ̀n tí ó gbà pé ó wà níbẹ̀, àti nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀. Bí èyí bá ti wọ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni ẹ dúró sí. Bí ó bá tọ́, ẹ tẹ ìwé ìdánwò láti inú Windows. Bí ìyẹn bá ti tíréè tí kò yẹ jáde, ògbufọ̀ ni ẹ mú. Bí méjèèjì bá tọ́ tí lẹ́tà yín nìkan ń ṣe wérewère, inú lẹ́tà náà ni kí ẹ wò.

Ti iná pẹ̀lú ń bẹ. Bí iná bá lọ tí ó sì dé, ráútà lè fún ẹ̀rọ ní nọ́ńbà tuntun, àwọn kọ̀ǹpútà yóò sì máa kan ilẹ̀kùn àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. A ti ní kí ráútà máa fi nọ́ńbà kan ṣoṣo pa mọ́ fún un.

Àwọn tí ń bi wá pé èé ṣe tí ọmọdébìnrin tí ń gba owó kò fi lè fi dráífà sí i fúnra rẹ̀: láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni Microsoft ti ní kò sí ẹni tí yóò fi dráífà ìtẹ̀wé sí i bí kò ṣe ẹni tí ó ní àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà, nítorí àwọn olè ti rí ihò gbà wọlé níbẹ̀. Ọwọ́ akọ̀wé ni ọ̀rọ̀ aṣínà náà wà. Dráífà ẹ̀rọ wa wà lórí fúláàṣì nínú àpótí irin, pẹ̀lú ìwé tí a kọ gbogbo ètò tíréè sí, kí ẹni tí ó bá gba ipò wa lọ́la má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwé ìṣírò owó tuntun ti ṣetán. Ẹ mú èyí tí ó gé tàbí èyí tí ó gun orí fọ́ọ̀mù wá sí ọ́fíìsì, kí ẹ gba òmíràn. Kí ẹ tó kúrò níwájú tábìlì, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá àròpọ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi í wé káàdì yín.