Ìfẹ́ Kì í Ṣe Àrùn, Ìtìjú Ló Ń Ba Ọmọ Jẹ́

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá gbọ́ pé ọmọkùnrin yín tí ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ jíjà ní Rowe Park ní Yaba ti fẹ́ràn ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń figagbága, ẹ má wá bèèrè oògùn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Kò sí oògùn rẹ̀, nítorí kì í ṣe àrùn. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1990 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé àrùn.

Ìtìjú àti ìkọ̀sílẹ̀ gan-an ló ń dá àìsàn sílẹ̀. Ẹ wo Justin Fashanu, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ó ja ẹ̀ṣẹ́ ní èwe, ó sì di agbábọ́ọ̀lù tí Nottingham Forest san mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lé lórí ní 1981. Ní 1990 ó sọ ní gbangba pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́; John àbúrò rẹ̀ kọ̀ ọ́ lójú ayé. Ní 1998 Justin gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ní ọmọ ọdún 37. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló fà á, ṣùgbọ́n John pàápàá ti kábàámọ̀ lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, ẹ má na ọmọ yín, ẹ má sì gbà á kúrò nínú eré ìdárayá. Òfin ọdún 2014 le. Ẹ má ròyìn rẹ̀ fún aládùúgbò. Bí kò bá jẹun, tí kò sùn, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan: ẹ tètè mú un lọ rí dókítà. Ohùn pẹ̀lẹ́ òbí ni ìtọ́jú àkọ́kọ́.