Láti Orí Òpó Dé Ìsàlẹ̀ Òkun: Ọ̀nà Tí Ọ̀rọ̀ Wa Ń Gbà

Ní ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn tí a ṣe kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìyá kan gbé fóònù rẹ̀ sókè kí bàbá ọmọ wọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè fojú rí ọmọbìnrin wọn bí ó ti ń gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ìṣirò. Kí ọmọ náà tó dé iwájú ọ̀gá àgbà, àwòrán dúró gbagidi. Nígbà tí yóò fi tún máa lọ, ọmọ ti padà sí ìjókòó rẹ̀. Lẹ́yìn ètò, ìyá náà wí fún mi pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye. Gbogbo ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó pé lórí fóònù mi, dátà mi kò sì tán. Kí ló wá dé?" Mo ṣèlérí pé n óò dáhùn nínú ìwé ìròyìn àjọ̀dún yìí, nítorí mo mọ̀ pé ìbéèrè ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí ni. Ó sì kan àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde pẹ̀lú, tí a ń gbèrò láti fi íntánẹ́ẹ̀tì ta ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ.

Ohun kan ṣoṣo ni àwọn ìlà orí fóònù ń sọ fún wa: bí fóònù àti òpó ìbánisọ̀rọ̀ tí ó wà nítòsí ti ń gbọ́ ara wọn sí. Wọn kò sọ iye ènìyàn tí ó ń pín òpó náà lò, wọn kò sì sọ irú ọ̀nà tí ó wà lẹ́yìn òpó. Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn àjò ọ̀rọ̀ wa pín sí mẹ́ta: láti fóònù dé òpó, láti òpó dé Èkó, àti láti Èkó gba abẹ́ òkun lọ sí òkè òkun. Ibi tí ó há jùlọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò pinnu bí gbogbo ìrìn àjò náà yóò ti yá tó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó jìnnà jùlọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fura sí. Kì í ṣe sátẹ́láìtì ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú ọ̀rọ̀ wa kọjá òkun, okùn ni. Nínú okùn náà ni fọ́nrán gíláàsì wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń sáré nínú rẹ̀. Gíláàsì ayé àtijọ́ a máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì kí ó tó rìn jìnnà. Ní ọdún 1966, Charles Kao àti George Hockham, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi yé ayé pé ìdọ̀tí inú gíláàsì ni ó fa èyí, kì í ṣe gíláàsì fúnra rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá lè sọ ọ́ di mímọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdá 1 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ yóò fi ṣẹ́kù lẹ́yìn kìlómítà 1, yóò wúlò. Ní ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ṣe é. Lónìí, ó di ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá rin nǹkan bí 100 kìlómítà kí ó tó dín kù dé ìwọ̀n yẹn. Kao gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní ọdún 2009.

Ọgbọ́n méjì mìíràn tẹ̀lé e. Èkíní, wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ojú ọ̀nà lábẹ́ òkun, tí ó ń fún ìmọ́lẹ̀ tí ó ti rẹ̀ ní okun tuntun. Èkejì, bí òṣùmàrè ti ní àwọ̀ púpọ̀ tí ọ̀kan kì í pa èkejì lára, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rán ọ̀pọ̀ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ gba inú fọ́nrán kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ru ẹrù tirẹ̀. Ojú wa kò lè rí àwọn àwọ̀ wọ̀nyí. Ìdí nìyí tí a fi lè sọ agbára okùn àtijọ́ di púpọ̀ láì hú u kúrò nísàlẹ̀ òkun. Ẹ̀rọ tí ó wà ní etíkun ni a óò pààrọ̀.

Nínú gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn MainOne, tí ó ti Pọ́túgàl wọ Èkó ní ọdún 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ kì í lò tó ìdá 1 nínú 20 ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó là á já. Nítorí náà, òkun kọ́ ni ó dá àwòrán ọmọ náà dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, ìyá náà tún pe ọkọ rẹ̀ láti inú gbọ̀ngàn yẹn. Àwòrán mọ́ kedere. Fóònù kò yí padà, òpó kò yí padà. Èrò ni ó dín kù. Gbogbo wa ni a jọ ń pín ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ó lọ sí orí òpó, bí ilé púpọ̀ ti ń pín omi ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà tún un ṣe: kí a fi ìgbì rédíò kún èyí tí òpó ń lò, kí a mú àwọn òpó súnmọ́ ara wọn kí ènìyàn díẹ̀ lè máa pín ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti kí òpó darí agbára rẹ̀ sí ibi tí fóònù wà, bí iná tọ́ọ̀ṣì, dípò kí ó máa tàn káàkiri bí àtùpà. Ọgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà nínú 5G, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2022.

Síbẹ̀, ẹ gbójú sókè wo òpó tí ó bá wà ládùúgbò yín. Àwọn àpótí gígùn ni wọ́n ń bá fóònù wa sọ̀rọ̀. Àwọn roboto tí ó dà bí ìlù ni wọ́n ń ju ọ̀rọ̀ sí òpó mìíràn, títí yóò fi dé ibi tí okùn gíláàsì wà. Bí ìlù wọ̀nyí nìkan bá ni òpó ní, tí òpó púpọ̀ sì gbára lé wọn, ọ̀nà há níbẹ̀. Òjò ńlá sì tún lè dín agbára wọn kù. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ tuntun sí orí irú òpó bẹ́ẹ̀ láì fa okùn dé ìdí rẹ̀ dà bí ẹni tí ó kọ́ ẹnubodè ńlá sí ojú ọ̀nà ẹsẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ó ju ìyára lọ. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun ní ìtòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Iṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ àti íntánẹ́ẹ̀tì dojú rú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n okùn Equiano, tí Google fà dé Èkó ní ọdún 2022, kò bàjẹ́, ẹrù àwọn yòókù sì yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ní ọ̀nà méjì rí ibi gbà. Ẹni tí ó ní ẹyọ kan dúró.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Kí a tó ra ẹ̀rọ aláìlókùn fún gbogbo kíláàsì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ibi tí okùn gíláàsì dé dúró, kí a sì fà á wọ inú ọgbà. Lẹ́yìn náà, kí a wá ọ̀nà kejì láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Nígbà náà ni kí a tó pín ẹ̀rọ aláìlókùn káàkiri. Kí a sì ri àmì mọ́lẹ̀ sí ibi tí okùn gbà kọjá, kí ọkọ́ ẹni tí ń gbẹ́ gọ́tà má baà ṣe é ní jàǹbá. Ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ kì í yẹ àlejò sí lọ́jọ́ àjọ̀dún, ṣùgbọ́n òun ni ó ń gbé èyí tí ó wà lókè ró.

Ẹ̀yin ìyá wa, fóònù yín kò ṣẹ̀. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tí ó dá ìmọ́lẹ̀ jẹ́ kí a lè parí iṣẹ́ yìí, kí bàbá ọmọ yín lè jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tí ń bọ̀, kí ó sì rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ bí ó ti ń gba ẹ̀bùn.