Ẹ̀yin ará òkè òkun, ohun tó ń pa bátìrì sólà yín n'Ìbàdàn rèé

Ọ̀pọ̀ ọmọ Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹ́yẹrúnká tó ń gbé ìlú òyìnbó ló ti to sólà sórí páànù ilé wọn. Wọ́n á wá ṣọdún, wọ́n á padà lóṣù Kìíní tí ọyẹ́ ń da eruku bo páńẹ́ẹ̀lì. Kí wọ́n tó tún dé, bátìrì ti kú.

Inverter tí wọn ò pa ló ń fa iná inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kódà bí gílóòbù kankan ò tàn. Bátìrì olómi tó bá ṣófo pẹ́, nǹkan líle á dì mọ́ òjé inú rẹ̀, kò ní gba iná mọ́.

Ẹ pa inverter, ṣùgbọ́n ẹ má yọ páńẹ́ẹ̀lì lára bátìrì o! Kí ará ilé máa nu eruku, kó máa bu omi bátìrì sí i, kì í ṣe omi kànga. Ti lithium yàtọ̀: ẹ fi iná bí ìlàjì sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tú wáyà rẹ̀.