Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: kí ló ń ṣe ẹgbẹ́ ìje mọ́tò Alpine?

Ẹ̀yin ará wa, orúkọ Renault kì í ṣe àjèjì létí wa. Ọ̀pọ̀ wa ló ti wọ mọ́tò wọn rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ilé iṣẹ́ Faransé yìí ní ẹgbẹ́ kan tó ń sá eré ìje mọ́tò káàkiri ayé, nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní Formule 1. Láti ọdún 2021, Alpine ni orúkọ ẹgbẹ́ náà.

Ẹgbẹ́ mẹ́wàá ló du ìdíje ọdún 2025. Alpine ló gbẹ́yìn. Àmì 22 péré ni wọ́n rí kó jọ ní gbogbo ọdún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 2022, ipò kẹrin ni wọ́n wà, pẹ̀lú àmì 173.

Kí ló dé tí ẹni kẹrin fi di ẹni ìkẹyìn láàárín ọdún mẹ́ta? A ò lè sọ pé owó ni, torí láti 2021 ni òfin ti fi ààlà sí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná sórí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dún. A ò sì lè sọ pé wọn ò láwọn tó mọṣẹ́. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń darí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ tú u wò.

Ilé méjì, òkun láàárín

Títí di ìparí 2025, ibi méjì ni iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ọkọ̀ ẹgbẹ́ yìí ti ń lọ. Ní Enstone, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń kan ara ọkọ̀. Ní Viry-Châtillon, nítòsí Paris, ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ inú rẹ̀ nígbà náà. Kì í ṣe ọmọdé ni ilé méjèèjì. Wọ́n jọ gba ife àgbáyé ní 2005 àti 2006, nígbà tí Fernando Alonso ń wakọ̀ fún wọn. Tí a bá sì ka àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí Viry ṣe ẹ̀rọ fún mọ́ ọn, ìgbà 12 ni ẹ̀rọ Renault ti gba ife àwọn ẹgbẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ta gan-an ni baálé ilé méjèèjì? Otmar Szafnauer, tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ ní 2022, sọ lẹ́yìn tó kúrò pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Viry ò sí lábẹ́ òun. Ẹ wò ó ná: tí ọkọ̀ ò bá yá, òun ni wọ́n máa bi, àmọ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ò gbàṣẹ lẹ́nu ẹ̀.

Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá

Oṣù kìíní 2021, Cyril Abiteboul tó ń darí ẹgbẹ́ lọ, Laurent Rossi dé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá pátápátá ní Alpine. Ó ní kí wọ́n fún àwọn ní 100 ìje, àwọn á máa bá àwọn tó wà níwájú du ipò. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ọmọ Faransé, Esteban Ocon, gba ipò kìíní ní Hungary. Inú gbogbo ilé dùn.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́. Ní oṣù kìíní 2022, Marcin Budkowski tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ. Alain Prost, tó gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́rin nígbà ayé ìwakọ̀ rẹ̀, tó wá di agbaninímọ̀ràn wọn, òun náà lọ. Szafnauer dé ní oṣù kejì. Ní oṣù keje 2023, wọ́n mú Rossi kúrò. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, níbi ìje Belgium, wọ́n ní Szafnauer náà ń lọ, àti Alan Permane tó ti lò ju 30 ọdún lọ ní Enstone. Bruno Famin gbà á. Ọdún kan péré, ó di ti Oliver Oakes. Oakes ò lo ọdún kan pé tó fi kọ̀wé sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2025. Flavio Briatore, tí wọ́n ti pè padà ní 2024, ló di ìdarí mú. Steve Nielsen sì wá dara pọ̀ mọ́ ọn ní oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ á tètè yé ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ tó ń sáré lónìí, èṣí ni wọ́n ti ń ya àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá gorí àlééfà lọ́dún yìí, iṣu tí ẹlòmíì gbìn ló máa wà. Tí iṣu ò bá ta, tí wọ́n ní kó máa lọ, ẹni tó ń bọ̀ náà á tún wa iṣu tirẹ̀. Ta ló wá fẹ́ dúró rí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn?

Ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ wọn

Èyí tó dùn wọ́n jù ni ti ọdún 2022. Alpine ń tọ́ ọ̀dọ́mọdé awakọ̀ kan láti Australia, Oscar Piastri. Wọ́n náwó lé e lórí, wọ́n fún un ní ọkọ̀ kó máa fi kọ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ìròyìn jáde pé Alonso ń lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Lọ́jọ́ kejì, Alpine kéde pé Piastri ló máa gba ipò rẹ̀. Kò pé wákàtí díẹ̀, ọmọ náà kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé pé òun ò bá wọn ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, òun ò ní wakọ̀ fún wọn.

Ẹjọ́ dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé àdéhùn awakọ̀ wò. Ìgbìmọ̀ ní McLaren nìkan ni ìwé rẹ̀ múná. Ìwé tó yẹ kí ẹnì kan ti parí nígbà tó yẹ, kò sẹ́ni tó parí ẹ̀. Nínú ilé tí ọ̀gá pọ̀, kálukú á rò pé ẹnì kejì ti ṣe é.

Viry pa iná

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2024, Renault kéde pé tí ìdíje 2025 bá parí, Viry ò ní ṣe ẹ̀rọ Formule 1 mọ́. Láti 2026, ẹ̀rọ Mercedes ni Alpine máa rà. Àwọn òṣìṣẹ́ Viry bínú, wọ́n fẹ̀hónú hàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Àwọn kan ní ẹ̀rọ Viry ni ò lágbára tó, ó sì lóòótọ́ nínú. Ẹgbẹ́ náà tún pa iṣẹ́ lórí ọkọ̀ 2025 tì ní kùtùkùtù kí wọ́n lè gbájú mọ́ ti 2026. A ò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìje Brazil ní oṣù kọkànlá 2024: òjò ń rọ̀, ọkọ̀ ń yọ̀, Ocon gba ipò kejì, Pierre Gasly gba ipò kẹta. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ò tíì kú.

Kí la rí kọ́?

Ẹ wo McLaren tó mú Piastri lọ. Nínú ìje méjì àkọ́kọ́ ní 2023, wọn ò rí àmì kan ṣoṣo. Àwọn náà pààrọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kan, àmọ́ wọn ò lé Andrea Stella, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ ọ̀gá. Ọmọ ilé ni, ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n fún un láyè. Ní 2024 àti 2025, McLaren ló gba ife àwọn ẹgbẹ́.

A ò sọ pé kí ọ̀gá tí kò mọṣẹ́ jókòó títí ayé. Ohun tí à ń sọ ni pé kí wọ́n tó yọ ẹnì kan, kí wọ́n kọ́kọ́ bi í bóyá wọ́n fún un ní àṣẹ tó tó iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, àti àsìkò tó tó. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù abúlé, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó kànga, gbogbo wa la mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun ti wà lọ́wọ́ Alpine báyìí. Ẹni tó máa dúró tì í pẹ́ ló kù tí wọ́n ń wá.