Ta Ló Gbé Inú Owó Ẹyọ Rí?

Ẹ̀yin ọmọ, bí màmá àgbà yín bá ní owó ẹyọ nínú àpótí, ẹ tọrọ ọ̀kan lọ́wọ́ wọn. Ẹ tọrọ ni mo wí o, ẹ má yọ́ ọ mú. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Ikùn rẹ̀ là gbọọrọ, etí ibi tó là náà sì ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn. Èyí tí wọ́n fi ná ọjà láyé àtijọ́ sábà máa ń ní ihò lẹ́yìn, torí pé wọ́n lù ú kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. 20,000 sì ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tó bá ru ọ̀kẹ́ kan lọ sọ́jà, ọrùn rẹ̀ ló máa ròyìn.

Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà pàápàá kò rò rí ni pé ilé ni nǹkan yìí, onílé rẹ̀ ló kú.

Ìgbín òkun ni onílé náà, àmọ́ kì í ṣe òkun tiwa. Ẹ lè rin etíkun láti Èkó dé Àgbádárìgì, ẹ ò ní bá irú rẹ̀ lórí yanrìn. Lójú tèmi, ìdí pàtàkì kan nìyẹn tó fi lè di owó níbí: ta ni yóò gba ohun tí ọmọdé lè ṣà kún agbọ̀n kí oòrùn tó kan àtàrí? Òkun Íńdíà ló ti wá, pàápàá àwọn erékùṣù Màlìdífù.

Níbẹ̀, omi etí erékùṣù kò jìn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì mọ́ débi pé oòrùn ń tàn dé ìsàlẹ̀. Ohun tó dà bí àpáta nínú omi yẹn, ẹranko tíntìntín ló kọ́ ọ, àwọn ìbátan iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn. Wọ́n ń mọ ilé tó le bí òkúta. Bí èyí bá kú, òmíràn á mọ tirẹ̀ lé e, títí yóò fi di odi ńlá. Inú ihò odi yìí ni ẹja, akàn àti edé ń forí pamọ́ sí. Abẹ́ òkúta ni ìgbín wa máa ń wà lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á jáde wá há ohun tútù yọ̀ọ̀rọ̀ tó hù sára òkúta jẹ. Abo wọn a máa sàba lé ẹyin bí adìyẹ.

Ìkarahun ìgbín oko a máa họ, a máa dọ̀tí. Kí ló dé tí ti owó ẹyọ fi ń dán? Awọ rírọ̀ kan ló ń yọ láti ibi tó là yẹn, lọ́tùn-ún àti lósì, tó ń gun ẹ̀yìn ilé náà títí etí méjèèjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lókè, bí ẹni da aṣọ bora. Awọ yìí ló ń kùn ún. Bí ọwọ́ bá kàn án, á ká aṣọ wọlé wéré, ìkarahun á sì máa kọ mànà.

Láyé àtijọ́, àwọn ará Màlìdífù a máa fi imọ̀ àgbọn sínú omi. Ìgbín á gùn ún, wọ́n á fà á jáde. Arìnrìn-àjò kan tó ń jẹ́ Ibn Battuta, tó dé ibẹ̀ lọ́dún 1343, kọ ọ́ pé wọ́n ń kó wọn sí kòtò létíkun títí ẹran inú wọn á fi jẹrà. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ àwọn Potogí, ará Họ́láńdì àti Gẹ̀ẹ́sì wá ń kó ìkarahun náà wá sí ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn ọdún 1840, àwọn oníṣòwò Jámánì kó irú mìíràn tó tóbi díẹ̀ wọ Èkó láti ìhà erékùṣù Sànsíbà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ó pọ̀ lápọ̀jù, iye owó ẹyọ sì wálẹ̀.

Bí wọn ò bá tíì lu ẹ̀yìn tọwọ́ yín, ẹ yí i wò. Bí ẹ bá rí òrùka rúsúrúsú níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ti ìhà Sànsíbà. Ẹ dá a padà fún màmá àgbà, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n mọ onílé.