Òpó Fóònù Láàrin Ilé Wa: Ta Ni Ó Ń Wọn Ìtànṣán Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá òpó fóònù, ó sì kan ẹni tí ó fẹ́ yá ilé-iṣẹ́ fóònù ní ilẹ̀.

Láti 2001 tí GSM ti dé Nàìjíríà ni òpó ti ń pọ̀ sí i ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Àwọn kan ní ó ń pa ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Èwo ni ká gbà?

Ìtànṣán òpó kò dà bí ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun nílé ìwòsàn. Ohun tí ó dájú pé ó lè ṣe, bí ó bá pọ̀ jù, ni kí ó mú ara gbóná. Nítorí èyí ni ìgbìmọ̀ àgbáyé ICNIRP fi fi òdiwọ̀n lélẹ̀ ní 1998, tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní 2020. Fún ìgbì 900 MHz tí GSM ń lò, kò gbọdọ̀ ju wáàtì 4.5 lọ lórí àyè tí ó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Òdiwọ̀n yìí náà ni NCC, àjọ ìjọba tí ó ń ṣàkóso fóònù, ń lò. Ní 2011, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó ń wádìí jẹjẹrẹ, kà á mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa àrùn náà, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì kún tó.

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé iwájú ni òpó ń tàn sí, bíi tọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó kọjú sí i lè gbà ju ṣọ́ọ̀bù ìdí rẹ̀ lọ. Bí a bá sì jìnnà ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ló lè sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ta ni yóò wo ìlà kan ṣoṣo nínú káàdì, tí yóò ní òun ti mọ iye tí ọmọ ẹgbẹ́ fi pamọ́? Òpó tí ilé-iṣẹ́ kan ń lò lánàá lè di ti mẹ́ta lónìí. 3G dé, 4G dé, 5G bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Ìwọ̀n àtijọ́ kò lè jẹ́rìí fún tòní. Nílẹ̀ Faransé, láti 2014, ẹnikẹ́ni lè ní kí wọ́n wá wọn ti ilé òun láìsan kọ́bọ̀, wọ́n á sì gbé èsì rẹ̀ síta. Ní Gíríìsì, ẹ̀rọ wà káàkiri tí ń wọ̀n ọ́n tọ̀sán-tòru.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ yá wọn ní ilẹ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn yóò wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó tan òpó, àti lọ́dọọdún lẹ́yìn náà, lójú kan náà, kí ẹ̀dà èsì sì tẹ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ara ń fu, kí ó pe NCC lórí 622, tàbí kí a jùmọ̀ kọ lẹ́tà lórúkọ ẹgbẹ́. Èéfín àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ìdí òpó, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ fi sùn láìdúró de ìwọ̀n kankan.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má fi ẹ̀rù sá, ẹ má sì fi àìbìkítà sùn: ẹ béèrè èsì, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì.