ÒKÚTA MÉJÌ TÍ Ó BÍ ILẸ̀ OKO WA

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti fi owó ribiribi ra ajílẹ̀ òyìnbó, tí ẹ fi í sí oko, tí òjò ńlá rọ̀, tí ọ̀gbìn kò sì fi hàn pé òun jẹ ohunkóhun. Ẹ má tètè dá ajílẹ̀ lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ wo irú òkúta tí ó bí ilẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Kàdúná ṣe àpẹẹrẹ. Odò Kàdúná kò jìnnà sí Tudun Wada, àdúgbò tí àwọn Yorùbá ń bá àwọn Hausa gbé. Iyanrìn odò náà ni wọ́n ń wà fi kọ́ ilé. Láti òkè Jos ni odò náà ti ń ṣàn bọ̀, ilẹ̀ akọ òkúta ni ó sì ń gbà kọjá. Irú akọ òkúta bẹ́ẹ̀ náà ni ó wà ní Ìdànrè. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ ti Kàdúná bá ti ilé mu.

Bí a bá fọ́ akọ òkúta, ohun méjì ni ó máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀: kúọ́tìsì àti fẹ́lísípà. Ìdílé kan náà ni wọ́n, èyí tí a ń pè ní sílíkéètì, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀.

1. Ìrísí: Kúọ́tìsì dà bí dígí, kì í sì í là ní ojú títẹ́jú. Fẹ́lísípà sábà máa ń funfun tàbí kí ó pọ́n díẹ̀. Ojú pẹrẹsẹ tí ń dán ni ó fi ń là.

2. Líle: Ẹ fi fáìlì tí ẹ fi ń pọ́n àdá ha wọ́n. Fáìlì líle yóò ha fẹ́lísípà, ṣùgbọ́n yóò yọ̀ lára kúọ́tìsì. Lórí òṣùwọ̀n 1 sí 10 tí Friedrich Mohs, ará Jámánì, gbé kalẹ̀ ní 1812, fẹ́lísípà jẹ́ 6, kúọ́tìsì jẹ́ 7.

3. Oúnjẹ: Sílíkọ́nì àti ọ́síjìnì nìkan ni ó wà nínú kúọ́tìsì. Fẹ́lísípà ní àlùmíníọ́mù pẹ̀lú, àti potásíọ́mù, sódíọ́mù tàbí kálísíọ́mù. Potásíọ́mù yìí ni iṣu àti ẹ̀gẹ́ nílò kí wọ́n tó ta dáadáa.

4. Jíjẹrà: Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, òjò àti gbòǹgbò igi a máa jẹ fẹ́lísípà, yóò sì di efun, irú èyí tí ó wà ní Ìjerò-Èkìtì. Kúọ́tìsì kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Iyanrìn ni ó ń dà.

Ẹ dán ilẹ̀ yín wò báyìí: ẹ bu ilẹ̀ dé ìdámẹ́ta ìgò, ẹ bu omi kún un, ẹ mì í, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀. Ohun tí ó bá rì ní ìṣẹ́jú kan ni iyanrìn. Amọ̀ ni yóò mú kí omi ṣì dàrú fún ìgbà pípẹ́.

Bí iyanrìn bá pọ̀ jù, omi òjò yóò máa ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá, yóò sì gbé ajílẹ̀ lọ. Ẹ má fi gbogbo ajílẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí amọ̀ bá pọ̀, yóò di omi mú, ṣùgbọ́n efun kì í di oúnjẹ ọ̀gbìn mú púpọ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ méjèèjì ni ó nílò ilẹ̀dú: ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà, àti ewé tí a kò dáná sun.

Ẹ má ṣe lọ fẹ́lísípà dípò ajílẹ̀ o. Kò lè yọ́ tán ní ìgbà ọ̀gbìn kan. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ rẹ̀ kò ní da owó rẹ̀ sínú odò.